Má Yọ Ìdákẹ́ Kúrò

Iṣẹ́ mi kò ju kí n gbọ́, kí n sì tẹ̀ ẹ́.
Ó ń kó téèpù wá, mo ń sọ ọ́ di ìwé
nínú yàrá kékeré kan ní yunifásítì Tromsø
tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí èbúté,
tí oòrùn kì í yọjú sí fún oṣù méjì gbáko.

Lọ́dún àkọ́kọ́, mo ń tún ọ̀rọ̀ wọn ṣe.
Mo gé ikọ́ dànù, mo gé ẹkún,
mo tẹ́ gbogbo rẹ̀ gbọọrọ bí aṣọ tí a lọ̀.
Ragnfrid Kvitnes kà á lórí ìdúró,
ẹ̀wù nọ́ọ̀sì ṣì wà lọ́rùn rẹ̀ láti iṣẹ́ òru.
Ó ní, "Ta lo pa síbí yìí?"
Ó ní, "Má yọ ìdákẹ́ kúrò.
Ìṣẹ́jú àáyá mélòó ni? Kà á, kọ ọ́ sílẹ̀."

Bí mo ṣe di ẹni tó ń ka ìdákẹ́ nìyẹn.

Torleiv apẹja, jẹjẹrẹ ọ̀nà ọ̀fun:
"Dókítà ń bi mí bí kókó náà ṣe tóbi tó.
Kò sẹ́ni tó bi mí ibi tí adùn kọfí mi gbà lọ."
Mẹ́rìnlá.
"Gbogbo nǹkan ló ń ṣe bí irin lẹ́nu mi,
bí ẹni ń lá ìdákọ̀ró."
Mọ́kànlélógún.
"Ìyàwó mi se ọbẹ̀ ẹja. Mo ní ó dùn.
Ogójì ọdún ó lé kan, irọ́ àkọ́kọ́ tí mo pa fún un nìyẹn."
Mo kà á dé àádọ́ta.
Mo ń gbọ́ aago ara ògiri, àga nọ́ọ̀sì ń han díẹ̀díẹ̀,
kò sì sọ nǹkan kan láti fi gba ara rẹ̀ sílẹ̀.

Ó kọ̀wé béèrè owó ní Oslo.
Wọ́n ní adùn ẹnu kì í ṣe àìsàn.
Ó tún kọ ọ́. Wọ́n ní kó lọ wá dókítà
tí yóò fi orúkọ síwájú tirẹ̀.
Ìgbà kẹta, wọn ò tilẹ̀ kọ orúkọ rẹ̀ dáadáa.
Ó lẹ ìwé náà mọ́ ara fíríìjì, ó po kọfí.
Ó ní, "Bó bá ṣe pé ọ̀nà ọ̀fun ni ọ̀nà ọ̀run,
ọ̀nà ọ̀hún jìn. Ẹni tó ń rìn ín gbọ́dọ̀ jẹun."

Ọdún mẹ́sàn-án. Ènìyàn mẹ́tàlélọ́gọ́ta.
Ó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí àwọn erékùṣù
níbi tí ẹja ti ń gbẹ lórí àkọ́ igi, láìsí orí.
Ó gbé ṣíbí igi lọ dípò ti irin,
ó ń bi wọ́n: èyí ń kọ́? Èyí tó tutù yìí ń kọ́?

Lónìí, ìlà kan wà nínú fọ́ọ̀mù ọsibítù:
Báwo ni oúnjẹ ṣe ń rí lẹ́nu rẹ?
Ìlà kan péré. Àti dúrọ́ọ̀ kan tó kún fún ṣíbí igi.
Wọ́n fi jẹ ọ̀jọ̀gbọ́n, wọ́n fún un ní òdòdó;
inú korobá ìfọlẹ̀ ló kì í bọ̀.

Àmọ́ téèpù tó gbẹ̀yìn ni mo fẹ́ sọ.
Gudny ni, opó Torleiv.
"Mo mọ̀ pé irọ́ ni.
Lọ́jọ́ kejì, mi ò fi iyọ̀ sọ́bẹ̀ rárá.
Ó lá a tán, ó ní, Gudny, ó dùn.
Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé ẹnu rẹ̀ ti lọ,
òun fúnra rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀."

Mo fi ìdajì ojú ewé sílẹ̀ lófìfo.
Ragnfrid gbé e sókè síbi iná, ó wò ó.
"Nọ́ńbà dà?"
Mo ní mo gbàgbé láti kà á.
Kò bá mi wí. Ó bọ awò ojú rẹ̀,
ó sì jókòó tì mí.